Backup orí íntánẹ́ẹ̀tì: ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì mọ bí ojú ènìyàn ṣe máa ń rí tí mo bá sọ fún un pé hard disk rẹ̀ ti kú, pé kò sí ohun tí a lè mú jáde nínú rẹ̀ mọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó sunkún nítorí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò ìyá tó ti dolóògbé ni wọ́n máa ń béèrè, tàbí iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta kọ. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lẹ́yìn náà ni mo kó jọ síbí, kí ẹ lè rí ìdáhùn wọn kí nǹkan tó bàjẹ́.

Kí ni ẹ ń pè ní backup orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Áàpù kan lẹ máa fi sórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ó fi àwọn fódà tí ẹ kò fẹ́ kó sọnù hàn án, òun ni yóò máa ṣe ẹ̀dà wọn, tí yóò máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ kan tó jìnnà sí yín. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí fáìlì kan padà, á mú ẹ̀dà tuntun. Ibí yìí ló ti dára ju flash lọ: flash ń dúró dìgbà tí ẹ bá rántí rẹ̀, gbogbo wa la sì ń gbàgbé. Olè tó bá gbé àpò laptop yín, flash inú àpò náà ti bá a lọ.

Fáìlì mi ti wà lórí Google Drive. Ṣé kò tó ni?

Ó sàn ju kí ẹ má ní nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Google Drive, Dropbox àti OneDrive ń ṣe ni pé kí ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín àti èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn máa bára mu nígbà gbogbo. Tí ọmọ kékeré bá pa fódà kan rẹ́ lórí laptop yín, wọ́n á pa á rẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn náà kíákíá. Google Drive máa ń tọ́jú ohun tí a pa rẹ́ fún 30 ọjọ́ kó tó dà á nù pátápátá. Ẹni tó jẹ́ pé oṣù kẹta ló wá fódà náà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ohun kejì tún wà, òun ló sì jẹ mí lógún jù: kọ́kọ́rọ́.

Kọ́kọ́rọ́ wo?

Encryption ni kí a fi ìṣirò sọ fáìlì di àdììtú, débi pé ẹni tó bá ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́, rúdurùdu lásán ni yóò rí. Kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ nọ́ńbà gígùn kan. Password yín ni áàpù fi ń ṣẹ̀dá rẹ̀, tàbí kó fi dáàbò bò ó. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò lónìí ni AES. Àwọn ọmọ Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di ìlànà ní 2001. Títí di òní, kò sí ọ̀nà tí aráyé mọ̀ tí a fi lè já AES tí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ backup ṣe ń kọ ọ́ gàdàgbà pé AES-256 ni àwọn ń lò. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìlẹ̀kùn irin ni. Ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn irin bá wà lọ́wọ́ onílé, onílé lè wọlé nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́ onílé á wọlé. Agbófinró tó ní kí onílé ṣílẹ̀kùn, òun náà á wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ sanwó ilé, ẹ lè má mọ̀ páàpáà pé ẹnì kan wọlé.

Èyí tí mo ní kí ẹ wá ni èyí tí kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ yóò ti ti fáìlì pa kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, tí kọ́kọ́rọ́ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ rárá. Ẹrù tí wọ́n ń bá yín tọ́jú, wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: “Bí mo bá gbàgbé password mi, ṣé ẹ lè bá mi ṣí fáìlì mi?” Bí wọ́n bá fi ayọ̀ dáhùn pé àwọn lè ṣe é, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà nìyẹn.

Proton Drive àti Tresorit ń ti fáìlì pa láti orí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kò ní láti béèrè. Backblaze àti IDrive fi í sí ọwọ́ oníbàárà: bí ẹ kò bá yan kọ́kọ́rọ́ tiyín, àwọn ni yóò mú un dání. Ti IDrive, ìgbà tí ẹ bá ń ṣí àkáǹtì ni kí ẹ ti yàn án, nítorí náà ẹ má kánjú tẹ bọ́tìnì tó wà níwájú yín. Lórí iCloud, ibi ìpamọ́ Apple, ètò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún yín ni wọ́n ń pè ní Advanced Data Protection. Ó jáde ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2022, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa tàn án. Ní oṣù Èrèlé 2025, Apple dáwọ́ fífún àwọn oníbàárà tuntun ní Brìtéènì dúró, nítorí náà ó dára kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tí ẹ tàn ṣì ń jó.

Bí ẹ bá fẹ́ràn kí ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe nǹkan, àwọn áàpù backup bíi restic, Borg àti Duplicati wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ẹnikẹ́ni ló sì lè ka kóòdù wọn. Restic ni èmi ń lò. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kí ó máa tẹ àṣẹ sínú fèrèsé dúdú kò ní gbádùn rẹ̀. Fún ẹni tí kò fẹ́ kúrò lórí Dropbox tàbí Google Drive, Cryptomator á bá a ti fáìlì pa nínú fódà kan kí wọ́n tó gbé e lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ pípa fáìlì rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbẹ̀.

Tí mo bá gbàgbé password yìí ńkọ́?

Fáìlì yín ti lọ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kò lè ṣí i, èmi ò lè ṣí i, ẹni tó kọ áàpù náà kò lè ṣí i. Mo ti jókòó ti ẹnì kan rí tó ń tẹ password fún wákàtí méjì gbáko. Ó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ́, ó gbìyànjú ọdún tó bí àkọ́bí, ó gbìyànjú ti èkejì. Gbogbo fáìlì rẹ̀ pé pérépéré lórí server, a rí ìwọ̀n wọn, a rí ọjọ́ tí wọ́n dé ibẹ̀. Kò rí ẹyọ kan mú jáde.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi fáìlì kan ṣoṣo ránṣẹ́, ẹ kọ password náà sórí bébà. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè na ọwọ́ dé ibi tí ẹ ń kó ìwé pàtàkì sí. Ẹ kọ ọ́ ní méjì: ọ̀kan nílé, èkejì lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán tí kì í gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú yín. Ẹ fa ìlà sínú òdo kí ó má bàa jọ lẹ́tà O. Kí ẹ má sì ṣe kọ ọ́ sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà yẹn, kí ẹ wá máa sọ pé ó wà nínú backup. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ni ẹ tì mọ́nú àpótí yẹn o. Ó ju ẹni mẹ́ta lọ tí mo ti bá nínú irú rẹ̀.

Irú password wo ló dára?

Èyí tó gùn, tí kì í ṣe ọkàn yín ló yàn án. Bí a bá ní kí ènìyàn mú ọ̀rọ̀ kan láti inú afẹ́fẹ́, orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí àti ẹsẹ Bíbélì ló máa ń sáré wá sí i lọ́kàn, olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1995, Arnold Reinhold gbé ọ̀nà kan jáde tó pè ní Diceware. Ẹ ju dáìsì lẹ́ẹ̀márùn-ún, nọ́ńbà márùn-ún tó bá jáde á tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ 7,776. Ẹ tún un ṣe títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé mẹ́fà. Bí olè bá fẹ́ gbìyànjú gbogbo bí ọ̀rọ̀ mẹ́fà bẹ́ẹ̀ ṣe lè tò, iye rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tó ní fígọ̀ 24.

Ẹ lè fi Yorùbá ṣe é. Ẹ di ojú, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, ẹ fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ má lo òwe, ẹ má lo oríkì ìdílé yín. Ohun tí gbogbo agbo mọ̀ kò lè jẹ́ àṣírí.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára torí mo rí i kòrókòró. Obìnrin kan fi Yorùbá tó ní àmì pé pérépéré ṣe password lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó ra tuntun, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà lórí bébà, wọ́n ní kì í ṣe òun. Ó tún un tẹ̀, ibi kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé “ọ́” kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Kíbọọ̀dù kan lè kọ ọ bí lẹ́tà kan tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, kó wá fi àmì ohùn lé e. Òmíràn lè kọ ó tó ti ní àmì ohùn, kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Òmíràn á kọ o lásán, á wá to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú áàpù tí kò mú wọn bára dọ́gba kó tó lò wọ́n, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kíbọọ̀dù àtijọ́ la wá kiri, a fi í sórí kọ̀ǹpútà tuntun náà, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ó ṣí. Láti ọjọ́ náà, a, b, d lásán ni mo ń lò nínú password, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè kọ ìlà kan sí ọ̀rẹ́ mi láìfi àmì sí i.

Bí olè bá wọ inú server ilé-iṣẹ́ náà ńkọ́?

Ó ṣẹlẹ̀ sí LastPass ní 2022. Backup tirẹ̀ kọ́ ni, password ló ń bá ènìyàn tọ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ti nǹkan pa. Àwọn olè kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Password tó wà nínú wọn jẹ́ àdììtú, àmọ́ àdírẹ́sì àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn password náà wà fún wà ní gbangba. Ẹni tí olú password rẹ̀ gùn, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kúrú, olè ní gbogbo ọjọ́ ayé láti máa gbìyànjú nínú yàrá tirẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè sọ fún un pé ó ti tẹ̀ ẹ́ ṣì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Ẹ wádìí bóyá orúkọ fáìlì náà ń di àdììtú. Orúkọ bíi “èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀” ti sọ̀rọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i.

Fáìlì wo ni kí n kó sí i?

Ohun tí ẹ̀yin dá, tí a kò lè rí gbà níbòmíràn: fọ́tò, ìwé, iṣẹ́, ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀. Áàpù àti Windows fúnra rẹ̀ kò pọn dandan.

Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó parí?

Ti àkọ́kọ́ máa ń pẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Iyára tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi ń polówó ni èyí tí a fi ń gba nǹkan wọlé. Èyí tí a fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ sábà máa ń kéré sí i gan-an. Bí tiyín bá jẹ́ 2 Mbps, tí fáìlì yín jẹ́ 200 GB, ó lé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án láìsinmi rárá. Bó bá jẹ́ 20 Mbps, kò ní pé ọjọ́ kan. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé bit ni wọ́n fi ń ka íntánẹ́ẹ̀tì, byte la fi ń ka fáìlì, bit mẹ́jọ ló sì wà nínú byte kan.

Ẹ fi fódà tó kéré tó sì ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sùn lóru. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, áàpù tó dára á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé.

Ṣé yóò máa jẹ dátà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́?

Rárá. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ohun tó yí padà nìkan ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ áàpù tilẹ̀ máa ń gé fáìlì ńlá sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ègé tó yí padà nìkan ránṣẹ́.

Ṣé ó lè gbà mí lọ́wọ́ ransomware?

Ransomware ni áàpù burúkú tí olè fi ń ti fáìlì ènìyàn pa, kó lè gba owó kó tó ṣí i. Backup lè gbà yín, bó bá ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí 2017, WannaCry ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, títí kan àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní Brìtéènì. Encryption kan náà tí mo ti ń yìn bọ̀ láti òkè ni wọ́n lò. Olè ló mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ́tẹ̀ yìí, owó ló sì ń béèrè.

Áàpù backup kò mọ̀ pé olè ló yí fáìlì yín padà. Yóò kó èyí tó bàjẹ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ní kó ṣe. Ẹ̀dà ti àná, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti oṣù tó kọjá ló máa gbà yín. Nítorí náà, ẹ bi ilé-iṣẹ́ léèrè iye ọjọ́ tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Oṣù kan kéré lójú mi. Kí ẹ sì tan ìgbésẹ̀ kejì ìwọlé sórí àkáǹtì náà, bíi kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kí ẹni tó bá rí password ìwọlé yín má lè lọ pa gbogbo ẹ̀dà rẹ́.

Bí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá jóná tàbí kógbá sílé?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà 2021, iná jó ilé server OVHcloud kan kanlẹ̀ ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé ọgbà kan náà ni ẹ̀dà wọn wà pẹ̀lú ohun tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Peter Krogh, ayafọ́tò kan, ló jẹ́ kí ìlànà 3-2-1 gbajúmọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbi tó jìnnà. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín jẹ́ ọ̀kan. Hard disk kékeré tí ẹ ń fà yọ lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán jẹ́ èkejì. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìkẹta.

Áàpù mi ń fi àmì àwọ̀ ewé hàn pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Ẹ má ì fọkàn balẹ̀. Èmi tí mo ń kọ èyí, mo rí àwọ̀ ewé yẹn lójoojúmọ́ fún oṣù méje. Nígbà tí hard disk mi bẹ̀rẹ̀ sí í ró kẹ́kẹ́, mi ò tilẹ̀ bẹ̀rù. Ìgbà tí mo lọ gba fáìlì padà ni mo tó rí i pé mo ti kó fódà iṣẹ́ mi kúrò ní apá C hard disk náà lọ sí apá D láti ìgbà tí àyè ti ń há, mi ò sì fi D han áàpù. Fódà tó ṣófo ló ń ṣọ́ fún mi tọkàntọkàn. Iṣẹ́ oṣù méje lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ kóòdù tọ́jú iṣẹ́ wọn, ṣèèṣì pa dátà àwọn oníbàárà rẹ́. Ọ̀nà backup márùn-ún ni wọ́n ní, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nínú wọn. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Wọn ò fi pamọ́, gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn fún un.

Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì mẹ́ta, ọ̀kan tó ti pẹ́, ọ̀kan ti ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀kan tó tóbi. Ẹ gbà wọ́n padà sínú fódà tuntun, ẹ ṣí wọn, ẹ wo inú wọn. Bó bá ṣeé ṣe, orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú password tó wà lórí bébà. Ẹ má fi èyí tó wà lágbárí ṣe é.

Bí nǹkan bá ṣe mí, báwo ni àwọn ará ilé mi ṣe máa rí àwọn fáìlì yìí?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: orúkọ ilé-iṣẹ́, email tí ẹ fi ṣí àkáǹtì, password ìwọlé, password tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́, àti bí wọ́n ṣe máa gba áàpù náà. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tètè pa káàdì tó ń sanwó rẹ̀, torí bí owó bá dáwọ́ dúró, ilé-iṣẹ́ á dúró díẹ̀, á sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Mo fi àpòòwé tèmi lé àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́, mo ní kó jókòó sídìí laptop tirẹ̀, mo sì jáde kúrò nínú yàrá. Kò pẹ́ tó fi pè mí. Wọ́n ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù mi, fóònù náà sì wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Bí ọjọ́ náà bá jẹ́ òótọ́, kí ló fẹ́ ṣe? A tẹ kóòdù ìpadàbọ̀ mẹ́wàá tí ilé-iṣẹ́ fún mi jáde, a fi wọ́n sínú àpòòwé. Mo tún jáde. Nígbà tí mo wọlé padà, fọ́tò bàbá wa ló ṣí sójú kọ̀ǹpútà, èyí tó wọ fìlà aláwọ̀ aró. Ó pa á dé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé náà, ó sì gbé e sínú àpótí tó ń kó ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ rẹ̀ sí.